Òǹkà Ju Orin Lọ: Kíkọ́ Ọmọdé ní Òǹkà Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ní Alápòtì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ kékeré bá ń kọ́ òǹkà ní èdè méjì pọ̀. Ó fi ètò òǹkà Yorùbá wé ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ti Sípáníìṣì àti Faransé ṣe ẹ̀rí pé kò sí èyí tó tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú wọn. Àbá rẹ̀ ni pé iye ni kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, ní èdè tó gbọ́ jù lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tú ìṣirò tó wà nínú orúkọ òǹkà kọ̀ọ̀kan fún un, dípò kí ó máa fi orúkọ Yorùbá ṣe ògbufọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Ìfáárà

Alápòtì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn wọ́ọ̀dù tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilẹ̀ Àwórí ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà, Sàngó àti Agbára ti fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí agbègbè náà láti ibi gbogbo: àwọn Ẹ̀gbá, Yewa àti Ègùn tí kò jìnnà, àti àwọn Ìgbò, Haúsá àti ẹ̀yà mìíràn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń pàdé ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi.

Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lónìí, òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sábà máa ń kọ́kọ́ há sórí. Á bẹ̀rẹ̀ láti ‘one’, á sì sáré dé ‘hundred’ bí ẹni ń kọrin, inú òbí rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá da ìdérí ìgò ogún sílẹ̀ níwájú ọmọ yìí kan náà, tó ní kí ó mú méje wá, ọmọ náà lè bu ìkúnwọ́ kan láìkà á. Bí wọ́n bá sì ní kí ó ka òǹkà ní Yorùbá, ó lè dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀wá. Àwọn òbí àti olùkọ́ a máa ka àìmọ iye sí ọ̀rọ̀ ìṣirò, wọ́n a sì máa ka àìmọ òǹkà Yorùbá sí ọ̀rọ̀ àṣà. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí fi hàn pé orísun kan náà ni àìlera méjèèjì ti ń wá: a kọ́ ọmọ ní orúkọ òǹkà, a kò sì kọ́ ọ ní ohun tí orúkọ náà ń ṣe.

Ohun tí ó wà nínú kíkà

Nínú ìwé tí Rochel Gelman àti C. R. Gallistel tẹ̀ jáde ní 1978 lórí bí ọmọdé ṣe ń lóye òǹkà, wọ́n ya ìlànà márùn-ún sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ló tọ́ sí ohun kọ̀ọ̀kan tí a ń kà. Èkejì ni pé àwọn orúkọ náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ara wọn bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta ni pé orúkọ tí a fi parí ni iye gbogbo ohun tí a kà. Ẹ̀kẹrin ni pé kò sí ohun tí a kò lè kà, ì báà jẹ́ òkúta, ì báà jẹ́ ìró ìlù. Ẹ̀karùn-ún ni pé ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, iye kò yí padà.

Nínú márààrún, èkejì nìkan ni orin òǹkà lè fi kọ́ ọmọ. Karen Wynn, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1990 àti 1992, fi hàn pé ọmọ tó mọ orúkọ òǹkà ní àkàtúnkà lè wà tí kò lè mú ju ohun kan tàbí méjì tó pé wá nígbà tí a bá bi í ní iye. Ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọmọ tó kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èjì, kí ó sì ti ibẹ̀ dé ẹ̀ta, kí ó tó wá yé e pé òfin kan náà ló de gbogbo òǹkà tó kù. Nítorí náà, kíkà dé ọgọ́rùn-ún kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ mọ ẹ̀fà.

Níbí ni èdè Yorùbá ti ní ohun èlò kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ‘five’ tí ọmọ fi ń kà náà ni ‘five’ tó wà nínú ‘five eggs’. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kíkà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iye. Ẹni tó ń kà yóò pe ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ẹni tó ń sọ iye yóò pe ẹyin kan, ẹyin méjì, ẹyin mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin, ẹyin márùn-ún. Bí olùkọ́ bá béèrè pé, ‘Ẹyin mélòó ló wà níbẹ̀?’ tí ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun fi parí ni ìdáhùn. Bí ó bá dáhùn pé, ‘Márùn-ún ni, mà,’ ó ti kúrò lórí orúkọ, ó ti bọ́ sórí iye. Olùkọ́ tó bá fetí sí ìyàtọ̀ yìí lè fi mọ ibi tí òye ọmọ dé láìṣe ìdánwò kankan.

Ìyàtọ̀ náà ní ìnira tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ń pe ẹyin mẹ́sàn-án àti ẹyin mẹ́wàá yóò dé ogún, yóò sì bá a pé ipò ọ̀rọ̀ yí padà: ogún ẹyin ni a ń pè é. Bí ó bá kọjá ogún, ètò ti tẹ́lẹ̀ tún padà: ẹyin mọ́kànlélógún. Kò sí ohun tó burú nínú èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ gírámà ni ó ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ọmọ tó bá ṣì í sọ lè mọ iye náà dáadáa.

Ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan ti kọsẹ̀

Àwọn kan gbà pé òǹkà Gẹ̀ẹ́sì rọrùn, ti Yorùbá ló le. Bí a bá tú àwọn orúkọ náà palẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ohun tó sọ fún ọmọ pé ‘eleven’ jẹ́ ẹ̀wá àti ọ̀kan, tàbí pé ‘twelve’ jẹ́ ẹ̀wá àti èjì. Láti ‘thirteen’ lọ, òǹkà kékeré ló ń ṣíwájú ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n láti ‘twenty-one’ lọ, òǹkà ńlá ló ń ṣíwájú. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì lè ṣi ‘thirteen’ gbọ́ fún ‘thirty’. Ní 1987, Kevin Miller àti James Stigler fi kíkà àwọn ọmọ Ṣáínà wé ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ẹ̀wá ni ìyàtọ̀ tó hàn gbangba ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ‘ẹ̀wá-ọ̀kan, ẹ̀wá-èjì’ ni àwọn ará Ṣáínà ń pè, tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà sì ní láti há ‘eleven’ àti ‘twelve’ sórí.

Sípáníìṣì náà ní ibi ìkọsẹ̀ tirẹ̀. Láti ‘once’ tí í ṣe 11 dé ‘quince’ tí í ṣe 15, ọ̀rọ̀ Látìnì tó ti súnkì ni, ọmọ kò sì lè rí ẹ̀wá inú rẹ̀. Ní 16 ni ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ là: ‘dieciséis’, ẹ̀wá àti ẹ̀fà. Ohun tó yẹ kí onímọ̀ Yorùbá kíyèsí ni pé Látìnì, ìyá Sípáníìṣì, a máa yọ kúrò lára ogún: ‘duodeviginti’ tí í ṣe 18 túmọ̀ sí èjì dín nínú ogún, ‘undeviginti’ tí í ṣe 19 sì túmọ̀ sí ọ̀kan dín nínú ogún. Èyí bá eéjìdínlógún àti oókàndínlógún mu rẹ́gí. Sípáníìṣì pa ọ̀nà náà tì. Yorùbá kò pa á tì.

Faransé ni ó sún mọ́ Alápòtì jù nínú àwọn èdè wọ̀nyí, nítorí ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò ló gba ẹnu ibodè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu àti Ṣábẹ, ní òdì-kejì ibodè, ń kọ́ òǹkà Faransé nílé-ìwé. Nínú rẹ̀, 70 jẹ́ ọgọ́ta àti ẹ̀wá, 80 sì jẹ́ ‘quatre-vingts’, ìyẹn ogún mẹ́rin. Ọmọ tó bá ti mọ̀ nílé pé ọgọ́rin jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó wọ kíláàsì.

Yorùbá ní tirẹ̀ là gbangba níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì ti ṣókùnkùn. Ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá àti ẹ̀rìnlá, ẹ̀wá ni gbogbo wọn lé. Láti ẹ̀ẹ́dógún dé oókàndínlógún, ogún ni a ń dín. Láti ọ̀kànlélógún dé ẹ̀rìnlélógún, a tún ń lé. Láti ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a tún ń dín kúrò nínú ọgbọ̀n. Ìlànà kan náà ni: a gòkè ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, a sì fi márùn-ún tó kù wo èyí tó ń bọ̀ níwájú. Ibi ìkọsẹ̀ Yorùbá wà lókè sí i. Aárùndínláàádọ́ta, ìyẹn 45, ní ìṣirò mẹ́ta nínú: ogún lọ́nà mẹ́ta, a yọ ẹ̀wá, a tún yọ àrún. Ní 1977, S. A. Ekundayo fi ìṣẹ̀dá irú òǹkà báyìí ṣe ẹ̀rí ìmọ̀ gírámà tó wà lórí ẹni tó ni èdè. Ẹ̀rí náà dúró, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a retí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ọjà ni ètò yìí ti ní ìtumọ̀ nígbà kan. Adolphus Mann ní 1887 àti Samuel Johnson nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 so òǹkà Yorùbá mọ́ owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fa owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ogún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀ẹ́dógún fún un, nítorí ó ń rí i pé ìdì kan ló kù kí ogún pé. Nígbà tí owó ẹyọ kúrò lójà, orúkọ ṣẹ́kù, ohun tí ojú ń rí nínú rẹ̀ sì lọ.

Ẹ̀rí láti Kúbà

Ohun tí orúkọ òǹkà ń dà nígbà tí ìṣirò inú rẹ̀ bá ti lọ hàn ní Kúbà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, di ẹni tó ń fi Sípáníìṣì ka owó àti ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pa òǹkà Yorùbá mọ́ nínú ìdáfá owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń pè ní ‘diloggún’ níbẹ̀. Nínú orúkọ yìí, ẹ̀rin ti já sọ́nà: ‘dín ní ogún’ nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹni tó ń pè é kò gbọ́ àyọkúrò kankan mọ́, orúkọ ohun mímọ́ kan ló ń gbọ́.

Nínú orúkọ àwọn odù wọn, ‘metanlá’ ni 13, ‘merinlá’ ni 14, ‘merindilogún’ sì ni 16. Ìwọ̀nyí kò jìnnà sí ti ilé. Ṣùgbọ́n 15 ni ‘marunlá’, àrún lé ẹ̀wá, níbi tí Yorùbá ilé ti ń pe ẹ̀ẹ́dógún. Ìlànà àròpọ̀ ti fi ìgbésẹ̀ kan kọjá ààlà rẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì fún olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọmọ kan ní Alápòtì bá ka ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá, tí ó sì pe ‘àrúnlá’ tẹ̀lé e, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti rí òfin, ó sì ti lò ó. Olùkọ́ tó bá nà án tàbí tó kàn fi ẹ̀ẹ́dógún rọ́pò rẹ̀ láìsí àlàyé ti kọ́ ọ pé òǹkà kò ní òfin. Èyí tó yẹ ni kí ó yìn ín fún òfin tó rí, kí ó sì fi hàn án ìdí tí Yorùbá fi yà kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀.

Kíréètì ẹyin: àyọkúrò tí ojú ń rí

Ohun tí a lè fi rọ́pò owó ẹyọ kò jìnnà. Kíréètì ẹyin wà ní gbogbo ìsọ̀ ní Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀. Ihò ọgbọ̀n ló ní, ní ìlà mẹ́fà, márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kíréètì òfìfo kan àti ọgbọ̀n ìdérí ìgò tó láti kọ́ gbogbo ohun tí a ti sọ bọ̀.

Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ìdérí dí gbogbo ihò: ọgbọ̀n ni. Bí ó bá mú ọ̀kan kúrò, ihò kan ṣófo: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bí ó bá tún mú ọ̀kan, ihò méjì ṣófo: méjìdínlọ́gbọ̀n. Ihò òfìfo ni orúkọ òǹkà ń kà, ọmọ sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí ìlà kan bá ṣófo tán, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àrún dín nínú ọgbọ̀n. Bí ó bá tún mú ọ̀kan sí i, ìlà mẹ́rin ló kún, ìdérí mẹ́rin sì wà lórí ìlà tó tẹ̀lé e. Yorùbá kò wo ọgbọ̀n mọ́, ogún ló ń wò báyìí: mẹ́rìnlélógún. Ibi tí èdè ti yí ojú padà gan-an ni kíréètì náà ti yí padà.

Àǹfààní èyí ju òǹkà Yorùbá lọ. Ọmọ tó mọ̀ pé mẹ́tàdínlógún nílò mẹ́ta kí ó tó pé ogún ti ń ṣe irú ìṣirò tí ìyálọ́jà ń ṣe nígbà tó bá ń fún oníbàárà ní ṣéńjì. Ayò náà wúlò ní ipele tó tẹ̀lé e: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Bí a bá kọ 45 sílẹ̀, 4 dúró fún ẹ̀wá mẹ́rin, 5 sì dúró fún àrún. ‘Forty-five’ bá ohun tí ojú ń rí lórí ìwé mu. Aárùndínláàádọ́ta kò bá a mu, nítorí kò sí ọgọ́ta tàbí àyọkúrò nínú 45 tí a kọ. Èyí ni ìdí tí àwọn onímọ̀ kan fi dábàá pé kí òǹkà Yorùbá di ti ìpìlẹ̀ ẹ̀wá pátápátá. Àbá náà ní ìdí tó lágbára lókè ogún. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ọgbọ̀n, níbi tí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ, ohun tí yóò nù pọ̀ ju èyí tí yóò wọlé lọ. Kí a pín iṣẹ́ fún èdè méjèèjì ló dára: kí Yorùbá kọ́ ọmọ ní iye, àròpọ̀ àti àyọkúrò, kí Gẹ̀ẹ́sì sì kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ òǹkà àti bí a ṣe ń kà á láti orí ìwé. Pátákó tó to ‘fifteen’ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ẹ́dógún bí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ fi ìṣirò méjì pamọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ̀wá àti àrún ni ti ọ̀hún, ogún dín àrún ni ti ìhín.

Èdè ta ni èdè ilé?

Ìbéèrè tó kù ni èdè tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú ìṣirò, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Helen Verran, tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2001 bí àwọn olùkọ́ ṣe ń da òǹkà Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ní kíláàsì, tí ẹ̀kọ́ wọn sì yọrí sí rere ní ọ̀nà tí ìwé ìkọ́ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Òfin kò dúró sójú kan ní tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ni ní ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ọmọ tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi láàárín ìkéde méjèèjì kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Alápòtì tún fi ìṣòro mìíràn kún un. Nínú kíláàsì kan níbẹ̀, Yorùbá lè má jẹ́ èdè ilé gbogbo ọmọ. Èyí kì í ṣe ìdí láti sá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ọmọ Ìgbò tó gbọ́ ‘iri na otu’ nílé ti gbọ́ ẹ̀wá àti ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ṣe gbọ́ ọ̀kànlá. Àwọn baba ńlá rẹ̀ náà sì fi ‘ọgụ’, tí í ṣe ogún, ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà. Kíréètì òfìfo kò ní ẹ̀yà. Olùkọ́ lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pe ohun tó rí ní èdè ilé rẹ̀, kí gbogbo wọn sì jọ pè é ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Bí òfin bá tilẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni, kò sí òfin tó dí òbí lọ́wọ́ láti ka ẹyin pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nílé.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé gbogbo èdè tí a gbé yẹ̀wò ló ní ibi tí òǹkà rẹ̀ ti là àti ibi tó ti ṣókùnkùn: Gẹ̀ẹ́sì ní 11 àti 12, Sípáníìṣì láti 11 dé 15, Faransé láti 70 lọ, Yorùbá láti 45 lọ. Nítorí náà, kò sí ìdí láti sọ fún òbí pé òǹkà Yorùbá yóò da ọmọ rẹ̀ láàmú. Ohun tó ń da ọmọ láàmú ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tú fún un. Òǹkà Yorùbá tí a há sórí bí orin yóò di ohun tí ‘diloggún’ dà ní Kúbà, orúkọ tí ìṣirò ti jáde kúrò nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo sì ni pé ti Kúbà ṣì ní ìlò nínú ẹ̀sìn. Kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìkọ́ni fún jẹ́lé-ó-sinmi fi ọ̀kan dé ọgbọ̀n ṣe ààlà ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n to òǹkà náà ní ìlà márùn-ún márùn-ún bí kíréètì, kí wọ́n sì fi ‘ẹyin mélòó?’ ṣe ìbéèrè ìdánwò dípò ‘ẹ ka òǹkà.’